Kí Ẹ Tó Gbé Òpó Íntánẹ́ẹ̀tì Dúró ní Abúlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀nà jíjìn ló ń ba íntánẹ́ẹ̀tì abúlé jẹ́. Irọ́ ni. Rédíò méjì tó ń lo ìgbì 5.8 GHz, tó sì kọjú síra wọn, lè gbé íntánẹ́ẹ̀tì láti Ìsẹ́yìn dé abúlé tó wà ní kìlómítà 10, láìsí wáyà láàárín wọn. Igi ló ń pa á, àìsí iná mànàmáná ló tẹ̀ lé e.

Pé ẹ gun òpó kan, tí ẹ sì rí orí òpó kejì, kò tíì tó. Ìgbì rédíò máa ń fẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ní kìlómítà 10, ó fẹ̀ tó mítà 11 sókè àti mítà 11 sísàlẹ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù. Ó kéré tán, bíi mítà 7 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Ilẹ̀ náà tún fi bíi mítà kan ààbọ̀ ga sókè láàárín, torí pé ayé rí roboto. Tí ẹ bá rò ó pọ̀, ìlà tí ojú rí gbọ́dọ̀ fi mítà 8 ó lé díẹ̀ ga ju igi àárín ọ̀nà lọ, ká má sọ ti igi tíìkì tó ṣì ń dàgbà.

Ìgbà òjò ni kí ẹ lọ wo ọ̀nà náà. Òpó tí wọ́n wọn gíga rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí igi ti wọ́wé, ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ máa ń ṣe ségesège ní oṣù kẹfà. Òjò kọ́ ló fà á. Ewé tó kún fún omi ló ń gbé ìgbì mì.

Òkè àpáta lè gbà yín lọ́wọ́ òpó gígùn, àmọ́ àpáta kì í gba àrá wọlé. Ẹ fa wáyà bàbà nínípọn sọ̀ kalẹ̀ títí yóò fi kan erùpẹ̀ tútù.

Bí ẹ bá ń dojú àńtẹ́nà kọra, ẹ kọ́kọ́ yí i sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó gbé e sókè sódò. Ẹ máa wo agbára ìgbì tí rédíò ń gbà, tí wọ́n ń fi dBm wọ̀n: láàárín -50 sí -60 dBm ló dára. Bó bá dúró sórí -75, ẹ̀gbẹ́ ìgbì lẹ dì mú; ẹ yí i kọjá ibẹ̀.

Rédíò méjì àti router kan (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà) lè jẹ tó 25 wáàtì, ìyẹn 600 Wh (wáàtì-wákàtí) lóòjọ́. Bátìrì olómi 12V, 100Ah gba 1,200 Wh, ṣùgbọ́n ìdajì ni kí ẹ lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò tètè kú. Bátìrì kan á gbé e fún ọjọ́ kan tí oòrùn kò yọ. Ẹ ra méjì. Sólà 300 wáàtì ló tó ní oṣù keje, nígbà tí oòrùn gidi lè má ju wákàtí mẹ́ta lọ. Inverter, tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, kò pọn dandan, ńṣe ló ń jẹ iná lásán.

Ní ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó so rédíò orí òpó mọ́ router, bàbà pọ́ńbélé ni, kó má kọjá mítà 100. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí inú bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni.