Bẹ́rìn tó há sínú crawler: ẹ fi hámà yẹn sílẹ̀ ná

Ọmọ yunifásítì kan gbé crawler rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Lagere lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ rìmóòtù tó ń gun òkúta yẹn, ó ní táyà iwájú lápá ọ̀tún ń dún kàrà-kàrà. Ó ti gbé e lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lọ fi gun àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ìgbà tó délé kò nù ún, kò tú u, ó kàn tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó di oṣù méjì. Mo fọwọ́ yí táyà yẹn báyìí ni mo ti mọ̀ pé bẹ́rìn ti lọ. Ìyẹn gan-an ò le. Ohun tó le ni pé òun náà ti fi ìṣó àti hámà gbìyànjú àtiyọ ọ́ nílé, etí ihò tí bẹ́rìn ń jókòó sí sì ti ya. Bẹ́rìn tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan ló wá di pé ká ra odidi knuckle tuntun, ìyẹn apá tó di táyà iwájú mú, tí ihò bẹ́rìn wà lára ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ohun tí omi gbígbóná á yanjú ni.

Ẹ wò ó, irin roboto méjì ló ń jẹ́ bẹ́rìn, ńlá wà níta, kékeré wà nínú, bọ́ọ̀lù kéékèèké wá ń yí láàárín wọn. Ihò tó ń wọ̀, wọ́n dìídì ṣe é kó fún un ni, torí tí ihò bá fẹ̀ jù, irin ìta á máa yí nínú ẹ̀, á jẹ ihò yẹn tán. Tí ẹrẹ̀ àti omi bá wá dé ibẹ̀, tó dógùn-ún, ọwọ́ lásán ò lè yọ ọ́ mọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́, ẹ yọ táyà, ẹ ti ìka bọ irin inú, kẹ́ ẹ yí i jẹ́jẹ́. Èyí tó dáa á yí bí ẹni tó fọwọ́ kan òróró. Èyí tó ti lọ, ńṣe ló máa dà bíi gààrí tó níyanrìn lẹ́nu.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé: ibi tó fún ni kẹ́ ẹ ti tì í. Tó bá fún mọ́ ihò, irin ìta ni kẹ́ ẹ tì, tó bá fún mọ́ ṣáàfù, ìyẹn irin gbọọrọ tó gba àárín bẹ́rìn kọjá, irin inú ni. Tẹ́ ẹ bá ti irin inú nígbà tó jẹ́ pé ìta ló há, gbogbo agbára yẹn máa gba ara bọ́ọ̀lù kọjá, bọ́ọ̀lù á tẹ ojú irin tó ń yí lé wọnú, ẹ ò ní fojú rí i àmọ́ ẹ ó máa gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá ti ń wa ọkọ̀. Tá a bá ń yọ ọ́ ṣá, irin inú nìkan lọwọ́ wa máa ń tó lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé bẹ́rìn tẹ́ ẹ bá ti lù jáde, ẹ má dá a padà síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

Ó yá, ooru. Tí knuckle bá jẹ́ ike, ẹ rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún bí ìṣẹ́jú 2 sí 3. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, dáa, omi híhó náà ṣì ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ iná gáàsì sí ike o. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ooru máa ń fẹ alumíníọ̀mù ní ìlọ́po 2 bó ṣe ń fẹ irin, ihò 11 mm tó kúrò ní 30°C dé 100°C á fẹ̀ sí i ní nǹkan bíi 0.018 mm. Kò nípọn tó irun orí, àmọ́ ó tó. Kí ẹ fi aṣọ dì í mú, kẹ́ ẹ ti ìdí drill 4 mm (irin tí wọ́n fi ń lu ihò) tàbí irin gbọọrọ gba ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kàn án lọ́tùn-ún, kẹ́ ẹ kàn án lósì, díẹ̀díẹ̀, kó má dagun, torí tó bá ti dagun, yóò há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tí ẹ̀yìn ihò bá dí ńkọ́? Àwa tá a kọ́ṣẹ́ ọ̀kadà mọ èyí dáadáa, búrẹ́dì la fi ń yọ ọ́. Ẹ fi omi po búrẹ́dì díẹ̀, ẹ kì í gba inú bẹ́rìn wọlé títí ẹ̀yìn á fi kún, kẹ́ ẹ wá wá irin tó ṣe régí pẹ̀lú ihò bẹ́rìn, ìdí drill 5 mm dáa fún ihò 5 mm, kẹ́ ẹ fi gbá a wọlé. Búrẹ́dì ò ríbi lọ, á ti bẹ́rìn bọ̀ lẹ́yìn. Tí irin yẹn ò bá kún ihò bẹ́rìn, búrẹ́dì á kàn sá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ẹ ò ní rí nǹkan kan ṣe.

Ká tó fi tuntun sí i, ẹ fọ ihò yẹn mọ́, ẹ fi kẹrosíìnì nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bẹ́rìn tuntun, ẹ dì í sínú ọ̀rá kó wà ní fíríìsà fún wákàtí 1, kí knuckle sì gbóná. Ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí etí ẹ̀ á jókòó sórí irin ìta nìkan, tàbí kẹ́ ẹ lo bẹ́rìn àtijọ́ yẹn láti fi tì í, kẹ́ ẹ fi bóòtù, wáṣà àti nọ́ọ̀tì fà á wọlé ní títọ́. Tó bá ti wọlé tán tó sì le láti yí, ó ti dagun tàbí ìdọ̀tí wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ padà, ẹ má rò pé á yọ̀ bó bá yá.

Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pàátì ọ̀kadà, bẹ́rìn tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 6202 àti 6301 lẹ máa rí, ìyẹn tóbi jù. MR115 ló jẹ́ 5 × 11 × 4 mm (ihò inú, fífẹ̀ ìta, nínípọn), 6700 ló jẹ́ 10 × 15 × 4 mm, méjèèjì ló wọ́pọ̀ lára crawler, àmọ́ ẹ fi vernier, irinṣẹ́ tá a fi ń wọn nǹkan kéékèèké, wọn tiyín kẹ́ ẹ tó rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń gba àwọn oníbàárà mi níyànjú láti ra 2RS, ìyẹn onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí crawler kì í sáré, ẹrẹ̀ àti omi ló ń pa bẹ́rìn ẹ̀. ZZ onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń yí fẹ́rẹ́fẹ́, àmọ́ omi ń rí i wọ̀.

Ti ọmọkùnrin yẹn, mo ní kó fọwọ́ ara ẹ̀ yọ ti apá òsì. Ó rì í sómi híhó, ó fi aṣọ gbé e jáde, mo ní kó dojú ẹ̀ dé orí pákó kó gbá pákó náà lẹ́ẹ̀kan péré. Bẹ́rìn jábọ́, ó yí lọ sábẹ́ fáìsì. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn nìkan ni?" Mo ní ìyẹn nìkan ni, lọ mú u wá ká jọ wò ó bó ṣe dógùn-ún tó.