Ẹ fọ ẹ̀rọ kí aago yín tó pé

Ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ẹni mẹ́ta ló ti wá bá mi pé àwọn fẹ́ gba ọtokiláàfù, ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò lára nǹkan, fún ìṣẹ́jú 15. Ìṣẹ́jú 15! Torí wọ́n kà á nínú ìwé pé 121°C fún ìṣẹ́jú 15 ló ń pa kòkòrò, wọ́n rò pé gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, omi yẹn á kọ́kọ́ gbóná kó tó dé 121, tó bá wá ṣe ìṣẹ́jú 15 ẹ̀ tán ó tún gbọ́dọ̀ tutù, kí ìfúnpá ooru inú ẹ̀ rọlẹ̀ dé òdo kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdérí, ẹni tó bá kánjú ṣí i, ojú ẹ̀ ni ooru yẹn máa bó. Bíi wákàtí kan ni, nígbà míì ó máa ń lé. Ẹni tó bá kọ ìṣẹ́jú 15 sínú káyé, ìwé tí a fi ń gba àkókò ẹ̀rọ, èyí tó kù, àkókò ẹlòmíì ló ń jẹ.

Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ nínú labo (ilé àyẹ̀wò àti ìwádìí) kan níbí l'Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olùwádìí àtàwọn kíliníìkì kéékèèké ló jọ ń lò wọ́n. Ó ti lé lọ́dún 15 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mo lè wà ní yàrá kejì kí n gbọ́ ìró sẹ́ntírífúùjì kí n sì sọ fún yín pé tíùbù kan fúyẹ́ ju èkejì lọ. Sẹ́ntírífúùjì ló ń yí tíùbù bíríbírí kí ohun tó wúwo nínú ẹ̀ lè yà sí ìsàlẹ̀, mi ò ní ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ o. Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo bá wá, bí a ṣe ń pín in, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìyá tó gbé àgbàdo lọ sídìí ẹ̀rọ ìlọta ní Wàǹdó. Ó gbé abọ́ ẹ̀ sórí ìlà, ó yà lọ ra ata, kò sẹ́ni tó bínú, abọ́ ẹ̀ ti dúró fún un. Ṣùgbọ́n tó bá kan abọ́ yẹn tí ìyá ò sí nítòsí ńkọ́? Ṣé ẹni tó ń lọ̀ ọ́ á pa ẹ̀rọ kó máa wo ọ̀nà? Ó máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, á mú abọ́ tó kàn. Òfin tiwa náà nìyẹn. Aago 10 lẹ kọ, ìṣẹ́jú 15 kọjá tẹ́ ẹ ò yọjú, ẹni tó bá wà nílẹ̀ ló ni ẹ̀rọ. Ẹ má pè mí pé sẹ́mì (ọ̀kadà) ló já yín sílẹ̀ lọ́nà. Tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ò ní lè wá, ẹ fagi lé orúkọ yín kí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tó lù. Kò sẹ́ni tó lè kọ orúkọ ju ọ̀sẹ̀ 2 síwájú lọ, kò sì sẹ́ni tó lè dì mọ́ ẹ̀rọ kan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí iná bá lọ lákòókò yín, ẹ pẹ̀lẹ́, àyè tó bá kọ́kọ́ ṣófo ni tiyín, ẹ ò lè ti ẹni tó tẹ̀ lé yín sẹ́yìn.

Ohun tó ń dùn mí jù wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta yẹn náà. Wọ́n lọ ata tán, ìyá ológì ló kàn. Ṣé á kàn da àgbàdo ẹ̀ lé e lórí? Láyé! Wọ́n á fi omi ṣàn án dáadáa, ìyá á dúró tì í, á wojú omi tó ń jáde títí ó fi mọ́, torí ọmọ ọwọ́ ló fẹ́ mu ògì yẹn. Àwọn èèyàn tó mọ èyí lọ́jà ni wọ́n á dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á gba wákàtí 1, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 60 pérépéré ṣiṣẹ́, wọ́n á kó tíùbù wọn, ó di gbéré. Ta ló fẹ́ bá wọn fọ̀ ọ́? Ẹ̀jẹ̀ tó bá kán sínú sẹ́ntírífúùjì, tó bá gbẹ, ó máa ń jẹ irin, ó sì lè kó àìsàn ran ẹni tó ń bọ̀. Omi Javel (blíìṣì) lẹ sáré ń gbé, Javel náà ń jẹ irin alumíníọ̀mù, tẹ́ ẹ bá fi nù ún ẹ gbọ́dọ̀ fi omi tó mọ́ nù ún tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ wá nù ún gbẹ. Gbogbo ìyẹn, ìṣẹ́jú 10 ni. Ìṣẹ́jú 10 yẹn wà nínú àkókò yín, kò sí nínú ti ẹni tó kàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìbẹ̀rẹ̀. Spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú omi kọjá, iná inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ẹ tàn án báyìí, ẹ gbé omi lásán síbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di òdo, ẹ mójú kúrò díẹ̀, ẹ padà wò ó, ó ti kúrò ní òdo. Omi kan náà o! Ẹni tó bá ń ka nọ́ńbà nírú àsìkò yẹn, irọ́ ló ń kọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ PCR tó ń sọ DNA di púpọ̀ ńkọ́, á lọ sí 95°C, á sọ̀kalẹ̀, á gun 72, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà 30 sí 35, bíi wákàtí 2 nìyẹn, ẹnìkan á sì kọ wákàtí 1 torí wákàtí 1 ló ṣófo. Ẹ ka ìgbóná, ẹ ka iṣẹ́, ẹ ka ìfọ̀, àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa kọ sínú káyé.

Mo tún máa ń gbọ́ pé ẹ̀rọ kan ò fẹ́ràn ẹnìkan, pé ọwọ́ onítibí ò bá a lára mu. Ẹnìkan gbé òróró wá lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ ta á sórí sẹ́ntírífúùjì kó má bàa bàjẹ́ mọ́. Èmi náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n òróró ò wọ inú labo mi. Èyí tó sì burú jù ni àwọn tó lọ pe ẹni tó ń tún fíríjì ṣe kó wá wo sẹ́ntírífúùjì wa kejì nígbà tí mi ò sí nílé. Ó yọ ohun tó ń ti ìdérí pa, ó ní òun ló ń dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rọ tó ń yí ní 3000 láàárín ìṣẹ́jú 1, ẹ fẹ́ kí ìdérí ẹ̀ máa ṣí! Mo ti i pa, a ò lò ó mọ́, ó wá ku ẹyọ kan.

Ẹyọ kan yẹn ló bá wa dé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà láti Àjàrá. Aago 8 àárọ̀ ni kíliníìkì kan gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá náà dé, wọ́n fẹ́ mọ bí potásíọ̀mù, irú iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀, ṣe pọ̀ tó lára ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti kọ orúkọ sórí sẹ́ntírífúùjì láti aago 8 dé aago 2. Alẹ́ tó ṣáájú ló ti wá fi rótọ̀ (apá tó ń gbé tíùbù yí) ti tíùbù kéékèèké sí i, ó di í, ó kó kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tú u sínú báàgì ẹ̀, ó lẹ bébà mọ́ ọn pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò wá. Mo wà ní Kùtọnu lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa bọ̀wọ̀ fún bébà, ó wá gbé ẹ̀jẹ̀ náà sínú fíríjì, ó rò pé òun ń tọ́jú ẹ̀ ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ò tíì yà, ẹ kì í gbé e sínú fíríjì tó bá jẹ́ potásíọ̀mù lẹ ń wá! Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni potásíọ̀mù pọ̀ sí, agbára kan ló ń dì í mú síbẹ̀, òtútù máa ń sọ agbára yẹn di ọ̀lẹ, potásíọ̀mù á máa jò jáde díẹ̀díẹ̀. Kí wákàtí 2 tó pé ló yẹ kí wọ́n ti ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Ó lé ní aago 2 kí wọ́n tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Nọ́ńbà jáde: 6.2. Kò yẹ kó ju 5 àti díẹ̀ lọ, ẹni tó bá ní 6.2 lóòótọ́, ọkàn ẹ̀ lè dáwọ́ dúró. Dókítà pè mí lórí fóònù, "Ọ̀gá, ṣé èsì yìí dá yín lójú?" Ọmọ ìyá ti ń wá mọ́tò tó máa gbé e lọ Kùtọnu, ó ti yáwó. Mo ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí wọ́n yà á lójú ẹsẹ̀. 4.4. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ìyá.

Ẹ̀wọ̀n ni mo fi so kọ́kọ́rọ́ rótọ̀ mọ́ tábìlì báyìí. Aago 8 sí aago 10 àárọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni, kò sórúkọ tí wọ́n lè kọ síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà wá lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ní aago 9 lòun ń fẹ́. Mo fún un ní aago 2 ọ̀sán.