Ṣé funfun ni aṣọ ooru níbi ìgbéyàwó àwọn ará Íńdíà?

Bí ìwé ìpè sí ìgbéyàwó bá dé láti Íńdíà, tí ọjọ́ ìnáwó sì bọ́ sí oṣù Kàrún-ún, léèsì funfun ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ooru máa mú, funfun kì í fa oòrùn mọ́ra, ó tán. Àlà sì ni funfun lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ Ọbàtálá. Ta ló máa rò pé ó lè dun ẹnikẹ́ni níbi àríyá? Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọ̀ tí àlejò lè gbé lọ síbẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó rò lẹ́ẹ̀mejì. Oòrùn pàápàá kò gbè é lẹ́yìn tó bí a ṣe rò.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù, funfun ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbi òkú. Òun náà ni opó ń wọ̀ láyé àtijọ́, àwọn opó mìíràn kò sì tíì bọ́ ọ sílẹ̀ títí dòní. Ẹ wá fojú inú wò ó: ìyàwó jáde nínú aṣọ pupa tí wọ́n fi okùn wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn ẹbí wà nínú àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ aró, àlejò wá jókòó sáàárín wọn nínú funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Wọn ò ní lé e. Wọ́n á ní àlejò ni, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó wà níwájú á ti rí i. Dúdú náà kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ àwọn àgbà lọ́rùn níbi ètò ìsopọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá ti ń wọ̀ ọ́ síbi àríyá alẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi omi díẹ̀ là á, torí ilẹ̀ Íńdíà fẹ̀. Ní Kerala, kasavu, aṣọ tó funfun bíi wàrà tí etí rẹ̀ jẹ́ wúrà, ni aṣọ ìbílẹ̀ wọn, ìyàwó Híńdù níbẹ̀ sì lè wọ̀ ọ́ ṣègbéyàwó. Ní Gujarat, panetar tí ìyàwó ń wọ̀ jẹ́ funfun àti pupa. Ọ̀pọ̀ ìyàwó Kìrìsìtẹ́nì ní Goa ń wọ gáùn funfun. Níbẹ̀, ìdí tí àlejò fi ń yẹra fún un ni pé ti ìyàwó ni. Ẹni tó fún yín níwèé ni kí ẹ bi. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ béèrè.

Ó wá ku oòrùn. Lọ́dún 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn Bedouin, darandaran aṣálẹ̀ tó ń wọ ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn. Wọ́n rí i pé ooru tó ń dé ara ẹni tó wọ dúdú kò ju ti ẹni tó wọ funfun lọ. Lóòótọ́, dúdú ń fa oòrùn jù, ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà gbàyè, atẹ́gùn tó ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá a sì gbé àlékún ooru yẹn lọ kó tó kan ara. Àti pé, oòrùn wo gan-an? Ní àríwá Íńdíà, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó Híńdù. Wọ́n máa ń wo ìràwọ̀ kí wọ́n tó mú àsìkò, nítorí náà tọkọtaya lè máa yí iná ètò ìsopọ̀ ká lẹ́yìn ọ̀gànjọ́. Ní Delhi tí ooru ọ̀sán oṣù Kàrún-ún máa ń kọjá 40°C, òru pàápàá kì í tutù. Òógùn lẹ ó bá jà níbẹ̀.

Ìhun aṣọ ló sì ń ṣẹ́gun òógùn. Pólísítà tó ń dán bíi sílíìkì ni kí ẹ sá fún jù, torí kì í mu òógùn, ara á kàn máa se nínú rẹ̀ ni. Sílíìkì Kanchipuram àti ti Varanasi lẹ́wà gan-an, àmọ́ wọ́n wúwo. Ẹ fi wọ́n pa mọ́ de ìnáwó oṣù Kejìlá. Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ní aṣọ ooru: mulmul, òwú tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, Kota doria láti Rajasthan, tí ìhun rẹ̀ ní ojú wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, Chanderi ti Madhya Pradesh, òwú àti sílíìkì tí wọ́n hun pọ̀. Ní Chennai tí afẹ́fẹ́ ti máa ń ní ọ̀rinrin, kí aṣọ náà má fún mọ́ yín lára rárá.

Sari kì í ṣe dandan. Nǹkan bíi mítà márùn-ún àbọ̀ ni, ẹni tí kò ró o rí á fi ọwọ́ kan dì í mú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Salwar kameez, ẹ̀wù gígùn lórí ṣòkòtò tó gbàyè, ti tó. Ọkùnrin á wọ kurta òwú, ẹ̀wù gígùn tó gbàyè, kó fi sherwani, kóòtù gígùn olówó ńlá, sílẹ̀ fún ọkọ ìyàwó. Bó bá sì jẹ́ tiwa lẹ fẹ́, ìró àti bùbá àdìrẹ dáa. Aṣọ òkè á sè yín. (Jọ́ọ̀jì tó wà nínú àpótí ìyá yín kò ṣàjèjì sí wọn: Madras, tó ń jẹ́ Chennai báyìí, ni orírun rẹ̀.)

Ẹ má sì torí ooru wọ péńpé. Bí ìgbéyàwó àwọn ẹlẹ́sìn Sikh bá ni, ilẹ̀ lẹ máa jókòó sí nínú gurdwara, ilé ìjọsìn wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin á bo orí, gbogbo yín á bọ́ bàtà. Bàtà tó rọrùn láti bọ́ ni kí ẹ wọ̀. Ẹ mú ìborùn dání.

Ọjọ́ haldi, ayẹyẹ tó máa ń ṣáájú ìgbéyàwó, nìkan ni mo máa ní kí ẹ wọ aṣọ tí ẹ kò ní fẹ́ padà. Ata ilẹ̀ pupa lílọ̀ ni wọ́n ń fi pa tọkọtaya lára, wọn kì í sì í dá àlejò sí. Àwọ̀ ìyeyè lọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, torí bó bá ta sára funfun, ọṣẹ kankan ò ní mú un kúrò.