Wáyà Mẹ́ta, Ọ̀nà Méjì: Mọ́tò Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Nínú Róbọ́ọ̀tì

Ẹni tó bá ti fi mọ́tò bátìrì ṣeré rí mọ̀ pé téèyàn bá pààrọ̀ wáyà méjèèjì, ẹ̀yìn ni yóò máa yí sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kan róbọ́ọ̀tì nílé fi máa ń wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, mo ti pààrọ̀ live àti neutral, wáyà méjì tó ti ara iná NẸ́PÀ wá, apá ibi kan náà ló ṣì ń yí sí!” Ibẹ̀ náà ni yóò máa yí sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iná NẸ́PÀ fúnra rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ló kàn án pé ẹ pààrọ̀ ẹnu wáyà? (Mọ́tò tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn o.)

Fún róbọ́ọ̀tì tó gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú, kó tún máa padà sẹ́yìn, èyí tó rọrùn ni mọ́tò tó ń fọ aṣọ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ọlọ́pọ́n méjì. Ẹ má mú ti ọpọ́n tó ń fún aṣọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n dá ìyẹn fún. Ti ìfọṣọ a máa yí sọ́tùn-ún, á dúró, á tún yí sósì, torí pé kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n wé jọ) méjì inú rẹ̀ dọ́gba bí ìbejì.

Wáyà mẹ́ta ló ń jáde lára rẹ̀. Ẹ má gba àwọ̀ wọn gbọ́. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ yọ kàpásítọ̀ rẹ̀ (ohun kékeré tó ń di iná mọ́ra, ẹ kọ́kọ́ gbé iná inú rẹ̀ kúrò bí mo ṣe sọ nísàlẹ̀), kí ẹ gbé mítà iná sí ohm (òṣùwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná), kí ẹ máa wọn wọ́n ní méjì-méjì. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí: pupa àti búlúù, 44, yẹ́lò àti pupa, 22, yẹ́lò àti búlúù, 22. Àwọn méjì tí òǹkà wọn ga jù ni ẹnu kọ́ìlì méjèèjì. Yẹ́lò tó ṣẹ́kù ni oríta tí wọ́n ti pàdé. Bí tiyín bá mú 22 àti 35 wá, kọ́ìlì rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ wá òmíràn.

Neutral á lọ sí oríta. Kàpásítọ̀ á wà láàárín pupa àti búlúù, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Live nìkan ló ń rìn: tó bá kan pupa, ọ̀nà kan, tó bá kan búlúù, òdìkejì. Ẹ wo ẹni méjì tó ń gúnyán nínú odó kan, ọmọ odó wọn kì í bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná tó gba inú kàpásítọ̀ máa ń ṣáájú èkejì, ẹ bá sì ti yí ẹni tó ṣáájú padà, mọ́tò yí padà nìyẹn.

Rílè (súìṣì tí iná kékeré ń tẹ̀ fúnni) méjì ni mo máa ń lò. Ọ̀kan ń tan, ó ń pa. Èkejì jẹ́ changeover, bíi èyí tí ẹ fi ń kúrò lórí NẸ́PÀ bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó bá fún pupa ní rílè tirẹ̀, tí wọ́n fún búlúù ní tirẹ̀, ọjọ́ kan ni Arduino (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí róbọ́ọ̀tì) á tan méjèèjì pọ̀: mọ́tò á dúró, á máa kùn, á máa gbóná, ẹnu rílè á sì lẹ̀ pọ̀. Nínú kóòdù yín, ẹ pa á, ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú-àáyá 2, ẹ yí i, kẹ́ ẹ tó tan án.

Ohun kan tún wà. Volt 230 ni wọ́n kọ sára mọ́tò, àmọ́ nítorí kàpásítọ̀, iná tó wà láàárín ẹnu rílè tó ṣí sílẹ̀ lè ju 300 lọ. Abájọ tí wọ́n fi kọ 450 sára kàpásítọ̀ náà. Rílè kékeré tí wọ́n kọ 250 sí lára kì í pẹ́ níbẹ̀.

Kàpásítọ̀ ọ̀hún lè ṣì di iná mọ́ra lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa gbogbo nǹkan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan tí kò sí lára iná rárá gbá mi lápá, tíì ọwọ́ mi kejì dà sórí ìwé oníbàárà. Resistor (ohun kékeré tó ń dènà iná) 10,000 ohm ni kí ẹ fi kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì láti gbé iná rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi mítà wò ó. Ẹ má fi sukurudiráfà ṣe é. Ẹ so wáyà earth (èyí tó lọ sínú ilẹ̀) mọ́ ara irin mọ́tò, ẹ fi fíúùsì sórí live.

Ní ti eré, bíi 1,400 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Rẹ́gúlétọ̀ fáànù kò ní bá yín dín in kù dáadáa, ó kàn máa gba agbára rẹ̀ ni. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra mọ́tò náà lọ́wọ́ ẹni tó tú ẹ̀rọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi bẹ́líìtì àti púlì rẹ̀ ńlá sí i, àwọn ló máa bá yín dín eré náà kù.