Ta Ló Kọ́ Ṣéènì Kẹ̀kẹ́ Ní Yíyọ?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí òkè tó wà lọ́nà Ògìdì lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ máńtíìn mi, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún òkè, yọ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ọwọ́ mi dúdú bí ìdí ìkòkò, ibi tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ni bàbá kan tó gun Ráálè àtijọ́, tó di iṣu mọ́ ẹ̀yìn, ti kọjá lára mi jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ó tún ti yọ?" Wọ́n bá tiwọn lọ. Kẹ̀kẹ́ yẹn á ti dàgbà jù mí lọ, kò ní gíà kankan, ṣéènì ẹ̀ ò sì yọ. Tèmi ní gíà 21. Ó dùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí ẹ̀, ohun tí mo sì rí ni pé ṣéènì ò mọ̀ ọ́n yọ báyìí tẹ́lẹ̀, àwa èèyàn la kọ́ ọ.

Ìgbà kan wà tí kẹ̀kẹ́ ò ní ṣéènì rárá. Èyí tí Karl von Drais ṣe ní Jámánì ní 1817, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1860, àwọn ará Faransé so pẹ́dà mọ́ wíìlì iwájú gan-an, ìyẹn ni pé bẹ́ ẹ bá yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, wíìlì náà yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ eré àfi kó mú wíìlì tóbi, ló bá di pé wíìlì iwájú ga tó àyà àgbàlagbà, èyí tẹ̀yìn wá kéré bí ọmọ ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lu òkúta lórí irú ẹ̀, orí ló máa fi sọlẹ̀.

Ṣéènì ló gbà wọ́n. Tí eyín àwo iwájú tí ṣéènì kọ́ bá pọ̀ ju tẹ̀yìn lọ, wíìlì lè kéré kó sì sáré. Harry Lawson gbìyànjú ẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1879, àmọ́ èyí tó mú gbogbo ayé ni Rover tí John Kemp Starley gbé jáde ní Coventry ní 1885, wíìlì méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì lọ sẹ́yìn. Ẹ wo Ráálè bàbá yẹn dáadáa, àtọmọdọ́mọ ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ṣéènì wo gan-an? Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ọmọ Switzerland kan tó ń gbé lágbègbè Manchester, Hans Renold, ra ilé iṣẹ́ kékeré kan ní 1879 tó ń ṣe ṣéènì fún ẹ̀rọ ìhunṣọ (ẹ̀yin ará Bùnú tẹ́ ẹ mọ iyì aṣọ híhun, ẹ gbọ́ o, inú ilé aṣọ ni ṣéènì kẹ̀kẹ́ ti jáde). Ṣéènì ìgbà yẹn, píìnì tín-ín-rín ló ń yí nínú ihò irin pẹlẹbẹ, gbogbo agbára wá lọ jókòó sétí ihò, kíá ihò á ti jẹ, ṣéènì á ti gùn. Renold ki búṣì, ìyẹn páìpù irin kékeré, bọ inú ẹ̀ ní 1880, kí píìnì lè fara ti nǹkan láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ó wá fi róólà, òrùka irin tó ń yí, lé búṣì lórí kí eyín irin má baà máa ha á. Ẹ tú ṣéènì ọkadà lónìí, nǹkan kan náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Irú ṣéènì yẹn, tẹ́ ẹ bá fi sára àwo eléyín kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn (àwo yẹn náà la máa ń pè ní eyín), tí méjèèjì wà lójú ìlà kan náà, tẹ́ ẹ sì fa wíìlì ẹ̀yìn títí tí ṣéènì ò fi rọ̀ ju díẹ̀ lọ, níbo ló fẹ́ gbà yọ? Eyín ẹ̀ ga, ṣéènì ẹ̀ fẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi tí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn bá tú, tàbí tí ṣéènì bá ti gbó kọjá ààlà.

Òkè ló wá dá wàhálà sílẹ̀, òkè ilẹ̀ Faransé. Ní Saint-Étienne, Paul de Vivie, tí wọ́n mọ̀ sí Vélocio, ń pariwo pé èèyàn ò lè fi eyín kan ṣoṣo gun òkè kó tún fi sáré ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Henri Desgrange tó dá Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá wọn, sílẹ̀ ò gbà, ó ní ti àwọn tó ti lé ní ọdún 45 ni gíà, ni àwọn tó ń díje bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á yọ wíìlì ẹ̀yìn, wọ́n á dà á kọjú sódì kí eyín kejì lè bọ́ síwájú iṣẹ́. 1937 ni wọ́n tó gba gíà ẹ̀yìn láyè nínú ìdíje yẹn. Ẹ mọ orúkọ tí àwọn Faransé fún irin tó ń yí gíà? Dérailleur, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan yọ kúrò lójú irin, bí ẹni sọ̀rọ̀ réluwéè. Orúkọ ẹ̀ gan-an ni "amúniyọ", àwa wá ń bínú pé ṣéènì yọ!

Torí kí gíà lè ṣiṣẹ́, wọ́n ní láti sọ ṣéènì di tín-ín-rín, kó lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gé eyín kúrú, wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ àwọn míì dànù kí ṣéènì lè tètè fi wọ́n sílẹ̀. Gbogbo ohun tó ń dì í mú ni wọ́n tú.

Ó ṣì dáa lórí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n ní àárín àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin, California, ń fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ onítáyà ńlá já sísàlẹ̀ òkè Tamalpais àti agbègbè ẹ̀, àwọn míì lára wọn bá so gíà mọ́ ọn kí wọ́n má baà máa ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Joe Breeze fúnra ẹ̀ jó férémù tuntun fún irú ìgunkiri yìí ní 1977, bí kẹ̀kẹ́ máńtíìn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: eyín mẹ́ta níwájú, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn, ṣéènì tín-ín-rín, gbogbo ẹ̀ lórí òkúta. Bí wíìlì bá ti gbá òkúta, apá gíà ẹ̀yìn tó ń na ṣéènì á fì síwájú, ṣéènì ìsàlẹ̀ á rọ̀, á máa jó bí okùn tọ́mọdé ń fò, á kúrò lórí eyín. Ohun tó ṣe mí lọ́nà Ògìdì nìyẹn. Tọdún tọdún ni wọ́n fi ń fi irin àti rọ́bà há ṣéènì mọ́ iwájú kó má baà sá lọ.

Èmi náà gbọ́n tèmi. Mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ máńtíìn ìgbàlódé ò ní gíà iwájú mọ́, mo délé ní Kàbà, mo tú irin tó ń yí gíà iwájú dànù, mo yọ eyín méjì, mo ṣẹ́ kan kù. Háà! Ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé irin gíà iwájú yẹn gan-an ló ń ṣe ọgbà fún ṣéènì, eyín tí mo fi sílẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n gé kó lè máa jù ú sílẹ̀.

Àṣé nǹkan méjì ni wọ́n ti kọ́kọ́ yanjú kí wọ́n tó yọ gíà iwájú. Ní nǹkan bí 2011, Shimano, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò kẹ̀kẹ́, fi kọ́lọ́ọ̀ṣì sínú gíà ẹ̀yìn kí apá ẹ̀ má lè fì síwájú wẹ́rẹ́. Nígbà tó di 2012, SRAM, ilé iṣẹ́ míì bíi tiẹ̀, gbé gíà tí wọ́n pè ní XX1 jáde: àwo kan níwájú, 11 lẹ́yìn, èyí tó kéré jù ní eyín 10, èyí tó tóbi jù ní 42. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ojú ṣéènì ò dọ́gba, èyí fẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e há, wọ́n wá gé eyín iwájú náà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tín-ín-rín, kí kálukú kún ojú tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iye eyín ẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì.

Mo ra oní-32 irú ẹ̀. Mo gé ṣéènì kó bá eyín ẹ̀yìn tó tóbi jù mu. Mo tún ń fi rúlà iléèwé wọ̀n ọ́n, torí ààbọ̀ ínṣì ni láti píìnì kan sí èkejì: ojú 24 yẹ kó jẹ́ ínṣì 12 gééré, tó bá ti lé ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, ó ti jẹ eyín lára tán. Gíà ẹ̀yìn mi ò ní kọ́lọ́ọ̀ṣì, mi ò parọ́, ó ṣì yọ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́sí.

Mo tún pàdé bàbá yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n bi mí, "Gíà mélòó ló kù?" Mo ní, "Méje ni, bàbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ku mẹ́fà tó o máa yọ."