Ìkòkò inú ìkòkò

Ìkòkò inú ìkòkò ni ohun èlò amọ̀ tí wọ́n fi ń tọ́jú èso àti ẹ̀fọ́ níbi tí kò sí iná mànàmáná. Ìkòkò méjì ni. Wọ́n á gbé kékeré sínú ńlá, wọ́n á rọ iyanrìn odò sí àárín wọn, wọ́n á bu omi sí iyanrìn náà títí yóò fi rin gbingbin, wọ́n á wá fi aṣọ tútù tàbí àpò ìdọ̀họ bo ẹnu rẹ̀. Ní Sudan, zeer ni wọ́n ń pè é, orúkọ kan náà tí àwọn elédè Lárúbáwá ń pe àmù omi. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ láti Ìpínlẹ̀ Jigawa ní àríwá Nàìjíríà, ni orúkọ rẹ̀ wé mọ́ ọn jù lọ, nítorí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 1995.

## Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Kí omi tó lè gbẹ, ó gbọ́dọ̀ rí ooru gbà lára ohun tó yí i ká. Lítà omi 1 tó bá gbẹ ń kó ooru tó nǹkan bí 2,400 kìlójúùlù lọ, ooru tó lè mú omi tútù lítà 7 hó. Omi inú iyanrìn ń gba inú ihò wínníwínní ara amọ̀ jáde sí ẹ̀yìn ìkòkò ńlá, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ooru inú ìkòkò kékeré á sì bá a lọ.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan àmù ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Ara àmù máa ń làágùn, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ kì í gbẹ, omi inú rẹ̀ sì máa ń tutù ju ti garawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ kan náà ni ìkòkò inú ìkòkò ń ṣe fún ata àti tòmátì, láìjẹ́ pé wọ́n wà nínú omi.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń pààlà fún ìtutù náà. Níbi tí afẹ́fẹ́ gbóná dé 38°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 20 nínú 100, inú ìkòkò lè sún mọ́ 21°C, kò lè rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ó jẹ́ 30°C tí ọ̀rinrin sì tó ìdá 85, nǹkan bí 28°C ni òpin. Ìdí nìyí tó fi bá Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara, àti àkókò ọyẹ́ mu, tí èrè rẹ̀ sì kéré ní Èkó lásìkò òjò. D-Lab ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, tó bá World Vegetable Center, àjọ tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọ́, ṣe ìwádìí ní Mali, gbà pé ó dára jù níbi tí ọ̀rinrin kò tó ìdá 40 tí ooru ọ̀sán sì ju 25°C lọ.

## Amọ̀ àti sísun rẹ̀

Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ máa ń sáré kọjá lórí amọ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ amọ̀kòkò ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìkòkò tí iná pa jù á ki, ihò ara rẹ̀ á dí, omi kò ní rọ́nà jáde. Èyí tí kò jiná á máa ṣí wẹ́wẹ́ bí omi bá ti ń wọ̀ ọ́. Sísun ìta gbangba, níbi tí wọ́n ti ń to ìkòkò jọ tí wọ́n sì ń kó igi àti koríko gbígbẹ bò ó, kì í sábà gbóná ju 900°C lọ. Irú iná bẹ́ẹ̀ ló ń fi àyè sílẹ̀ fún omi lára amọ̀. Àwọn mìíràn ń po ìyàngbò tàbí lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ amọ̀ kí wọ́n tó mọ ọ́n; bí iná bá jó o tán, àyè rẹ̀ á di ihò.

Amọ̀kòkò máa ń fi eegun ìka kan ìkòkò lára kó tó tà á. Bí ó bá dún gooro, ó jiná, kò sì sán. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti lanu níbì kan. Fún iṣẹ́ ìtutù, àyẹ̀wò kejì tún wà. Wọ́n á pọn omi sínú ìkòkò ńlá láàárọ̀, wọ́n á sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ti ń dúdú fún ọ̀rinrin kí oòrùn tó mú. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ títí di alẹ́ kò wúlò, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Kíkùn ìkòkò ńlá ní ọ̀dà ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ọ̀dà ń dí ihò. Ìkòkò kékeré ni a lè dí ihò inú rẹ̀, kí omi má baà máa rin ẹ̀fọ́.

## Iṣẹ́ Bah Abba ní Jigawa

Wọ́n bí Bah Abba ní 1964 sí ìdílé amọ̀kòkò, ó sì kọ́ni ní Pọlitẹ́kíníìkì Jigawa ní Dutse. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ náà, iná mànàmáná kò sì dé ọ̀pọ̀ abúlé, nítorí náà ohun tí wọ́n bá ká lónìí gbọ́dọ̀ di títà kó tó rọ. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń rán lọ kiri ọjà náà.

Àwọn amọ̀kòkò àdúgbò ló gbà síṣẹ́. Ìkòkò 5,000 àkọ́kọ́ ni wọ́n pín lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì tún kó 7,000 lọ sí àwọn abúlé mìíràn lẹ́yìn tí ó fẹ ibi ìmọ̀kòkò lójú ní 1999. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ará abúlé kò mọ̀wé, eré orí fídíò ló fi ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó. Gẹ́gẹ́ bí àbájáde ìdánwò rẹ̀, ikàn tó máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 lo ọjọ́ 27, tòmátì àti ata lo ọ̀sẹ̀ 3, tẹ̀tẹ̀ tí kì í ju ọjọ́ kan lọ sì lo ọjọ́ 12. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ sinmi lórí ojú ọjọ́ àti bí irè náà ṣe rí nígbà tí wọ́n ká a. Wọ́n tún ròyìn pé àwọn ọmọbìnrin kan ráyè lọ sílé-ìwé nítorí pé ọjà kò di kánjúkánjú mọ́. Bah Abba gba Ẹ̀bùn Rolex, ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ aago Rolex, ní 2000, ó sì kú ní 2010.

## Níbòmíràn

Ní Íńdíà, wọ́n ń kọ́ èyí tó tóbi jù ú lọ, tí wọ́n fi bíríkì olódì méjì ṣe pẹ̀lú iyanrìn láàárín. Mansukhbhai Prajapati, amọ̀kòkò ní Gujarat, gbé firíìjì alámọ̀ tó pè ní Mitticool jáde ní 2005.

## Ìlò àti ààlà

Àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti ọkà gbígbẹ kò yẹ fún un, torí ọ̀rinrin inú rẹ̀ á mú wọn hu tàbí bu. Kò tutù tó fún ẹran tútù, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, nítorí ìyẹn fẹ́ 2 sí 8°C. Níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, ìyá olóko ló máa pinnu bóyá tòmátì tó ohun tí à ń torí rẹ̀ bu omi sí iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Abẹ́ ìbòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni wọ́n ń gbé e sí, lórí òṣùká tàbí àgbékà igi, kí afẹ́fẹ́ lè yí ìdí rẹ̀ ká, kó má sì fara kan ògiri.