Bí a ṣe ń ya máàpù igbó etí odò Ọ̀pàrá

Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú kan ní orílẹ̀-èdè Benin, wà láàárín odò méjì: Wẹ̀mẹ̀ níhà ìwọ̀ oòrùn, Ọ̀pàrá níhà ìlà oòrùn, níbi tó ti di ààlà Benin àti Nàìjíríà. Ti Ọ̀pàrá ló le jù láti yà: igi bo omi, ilẹ̀ sì tẹ́.

Gíga ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wá. Ní oṣù kejì ọdún 2000, Amẹ́ríkà fi rédà wọn ọ̀pọ̀ jù lọ ilẹ̀ ayé láti òfurufú. Ọ̀fẹ́ ni ìwọ̀n náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ̀n gíga kan fún bíi 30 mítà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí igbó bá ti dí, rédà yẹn kì í dé ilẹ̀, ara ewé ló ti ń padà. Igi etídò sì máa ń ga ju ti ọ̀dàn lọ, ni kòtò odò bá hàn bí ebè gígùn. Bí kọ̀ǹpútà bá fa ìlà gíga (ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀) láti ibẹ̀ láìtún un ṣe, omi á máa gun òkè. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a fi ọwọ́ tọ ipa odò lórí àwòrán sátẹ́láìtì, kí a sì fipá mú gíga rẹ̀ máa relẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ odò. Níbi tí ìlà gíga bá ti kọjá odò, igun rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí orísun. Bí ó bá kọjú sí ìsàlẹ̀, àṣìṣe wà.

Àwòrán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ibi tí iná ọdẹ ti jó: dúdú rẹ̀ jọ omi.

Lórí ilẹ̀, GPS ọwọ́, ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí a wà, lè fi bíi mítà márùn-ún ṣìnà. Gíga tó wá látinú GPS tún lè ju gíga láti orí òkun lọ ní ohun tó lé ní 20 mítà ní agbègbè yìí, bí a kò bá yọ ìyàtọ̀ náà kúrò. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, odindi ìlà gíga kan nìyẹn.

Orúkọ ló máa ń gbẹ̀yìn, òun náà ló sì máa ń bàjẹ́ jù. Máàpù àwọn Faransé sọ Ṣábẹ̀ẹ́ di Savè. Odò kékeré kan lè ní orúkọ kan lókè, kó ní òmíràn nísàlẹ̀. Ẹ bi ọdẹ kan àti apẹja kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn lójú ẹsẹ̀. Bí orúkọ méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ kọ méjèèjì.